Làsísì Ìsẹ́yìn Méjì

Ọjọ́ tí ayé wa yí padà, àkàrà ni mo ń dín. Ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road ni mo máa ń gbé agbada mi kaná sí láàárọ̀, nítorí pé àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun kì í jẹun nílé kí wọ́n tó jáde. Ọkọ mi wà lára wọn. Làsísì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó wá wáṣẹ́ sí Àpápá, tó sì gba yàrá kan fún wa ní Ajégúnlẹ̀. Rábì, àkọ́bí wa, kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀yìn mi ló wà lọ́jọ́ náà, ooru iná ń mú un, ó ń ké, èmi náà sì ń kùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbaṣẹ́ ní wáàfù nígbà yẹn. Láàárọ̀, wọ́n á tò, fọ́máànù á máa fi ìka yan ẹni tó bá wù ú, ẹni tí wọn ò bá sì yàn á padà sílé. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ìlà á kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ná kó tó béèrè ohun tí wọ́n ń tò fún. Bó o bá dúró béèrè, ẹlòmíràn á ti gba àyè rẹ. Ìwà yìí mọ́ wọn lára débi pé mo mọ ẹnì kan tó to ìlà ṣáláńgá dé iwájú kó tó rántí pé òun ò fẹ́ yàgbẹ́.

Làsísì rí ìlà kan ní Wharf Road láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì wọ̀ ọ́. Nígbà tó kàn án, sójà kan tó jókòó sídìí tábìlì béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nìyẹn. Nígbà mìíràn mo gbà á gbọ́, nígbà mìíràn mi ò gbà á gbọ́, torí pé rédíò ti ń sọ̀rọ̀ ogun láti ọjọ́ pípẹ́, ojú rẹ̀ ò sì fọ́ tí kò fi ní í mọ aṣọ ológun yàtọ̀ sí kákí fọ́máànù. Bóyá ó fẹ́ lọ ni. Bóyá ojú ló tì í láti kúrò lórí ìlà nígbà tó rí i. Mo bi í ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

Sójà tó ń kọ orúkọ yẹn ò béèrè orúkọ bàbá. Orúkọ ẹni àti orúkọ ìlú ẹni ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sójà nígbà náà, bíi Músá Kánò, Súlè Ìlọrin. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Làsísì Ìsẹ́yìn, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n ní kó gun lọ́rì. Lọ́rì náà gba iwájú mi kọjá. Mo rí i tó na ọwọ́ sókè láàárín àwọn èrò, ó ń pariwo pé wọ́n ti yan òun. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ni. Inú mi dùn, mo fi ṣíbí ìdínkàrà juwọ́ sí i, mo sì pa àkàrà mẹ́fà mọ́ dè é di ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fi wọ́n jẹ ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, wọ́n jẹ́ kó wá dágbére. Ó wọ aṣọ tó tóbi jù ú lọ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yá aṣọ lò. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ òkun kó wọn ní Àpápá. Wọn ò jẹ́ kí àwa ìyàwó wọlé. Ẹ̀yìn ọgbà ni a dúró sí ní Wharf Road, a ò rí nǹkan kan ju orí kéréènì lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà fọn fèrè. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè bóyá tiwa ló lọ yẹn, mo ní mi ò mọ̀. A dúró títí oòrùn fi mú, a sì túká.

Mi ò ní í purọ́ fún yín pé ogun jà ní Ajégúnlẹ̀ bó ṣe jà lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wọlé tọ̀ wá bí omi ṣe ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá Nkẹ́chi tó wà ní yàrá kejì sí wa, ará ìlà-oòrùn ni. Ṣáájú kí Làsísì tó wọkọ̀ ló ti ń sọ pé òun ò ní í lọ, pé ibí ni wọ́n bí òun sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo rí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí. Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí iná. Èmi ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dà á nù tàbí kí n gbé e pamọ́ dè é. Lọ́jọ́ kejì, a jẹ ẹ́. Ó dùn, ojú sì tì mí.

Ìjọba pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná hàn síta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá lókè wa, nǹkan bú gbàù lódìkejì omi. Ilé mì. Àwo inú àtẹ mi já lulẹ̀. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún sá lọ sápá òsì, àwọn tápá òsì sá wá sápá ọ̀tún, gbogbo wa pàdé láàárín títì ní Boundary, a ń bi ara wa léèrè ibi tí a ń sá lọ. Bàbá kan gbé ìrọ̀rí lọ́wọ́. Kò gbé nǹkan mìíràn.

Ebi ni mo rántí jù. Ẹ̀wà gbówó lórí débi pé mi ò lè dín àkàrà mọ́, àwọn tí ìbá sì rà á ti wọṣẹ́ ogun. Iyọ̀ wọ́n bí ojú. A ń jẹ gàárì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, omi ẹ̀kọ ni mo ń fún Rábì, irun orí ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mùfútáù, àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe káfíńtà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ló ń fi ohun tó bá rí bọ́ wa. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, pé ṣé ọkọ mi wà láyé. Lẹ́tà kan ló dé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun wà, òjò ń pa àwọn, kí n kí ìyá òun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́ fún ọdún kan gbáko.

Ìgbà náà ni sójà kan wá pẹ̀lú ìwé àti àpò kékeré kan. Ó ti béèrè ilé wa kiri àdúgbò, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Na here Lasisi Iseyin dey stay?"

"Na here. Na my husband."

"Madam, sorry. E don die."

Ó ní kí n tẹ ìka síwèé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ mí ní omi mu, mo bu ú fún un, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó lọ. Ẹ̀wù kan àti tẹ̀sùbáà ló wà nínú àpò náà. Ẹ̀wù ọ̀hún fẹ̀ ju Làsísì lọ. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé ó ní láti jẹ́ pé oúnjẹ ológun ló mú un sanra. Nígbà tí ìbànújẹ́ bá ti gba ọkàn, kò sí nǹkan tí èèyàn ò lè rí àlàyé fún.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́. Mo jókòó tákàbá, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá, nínú aṣọ dúdú kan ṣoṣo, láìjáde, láìdirun. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wọlé wá jókòó tì mí, wọ́n á ní kí n jẹun, mi ò ní í jẹ, wọ́n á jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tí mo jáde tákàbá, ẹbí ní kí Mùfútáù fẹ́ mi, kí ọmọ àti ìyá má baà fọ́n ká. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sẹ́ni tó rí i bí ohun àjèjì. Kí n má tàn yín, mo gbà. Mùfútáù wù mí. Ó máa ń gbé Rábì sórí pátákó tó ń fá, á máa tì í síwá sẹ́yìn, ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti di nǹkan ọ̀wọ́n nínú ilé wa. Ogun ti parí bí oṣù méjì nígbà náà, wọ́n sì dá ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọ́n máa so yìgì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni Làsísì wọlé. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ rí i, ó rò pé àkúdàáyà ni, ó bu iyẹ̀pẹ̀ dà lù ú. Kò sá, kò bínú. Ó kàn ń nu ojú rẹ̀, ó ń béèrè bóyá Ìyá Rábì wà nílé. Mùfútáù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kan ibùsùn tí èmi àti òun máa sùn lé. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rọra gbé òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbára ńlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó dìde, ó sì gba ẹ̀yìn ilé jáde. Kò padà wá kan ibùsùn náà parí. Ìbàdàn ló wà títí tó fi fẹ́yàwó.

Èmi? Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn, mi ò lọ. Ayọ̀ wà níbẹ̀, ìbínú wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo ti sunkún ọkùnrin yìí tán. Mo ti tún ọkàn mi tò láìsí i. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Rábì, kí ló dé tó o fi gbẹ báyìí?" Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Mo gbé oúnjẹ fún un. Oṣù kan ni mo fi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń rìn, bóyá ó ń kanlẹ̀.

Kì í sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ òkun bá fọn fèrè ní Àpápá, á dojú bolẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ló wà níwájú rẹ̀. Rábì á bá a dọ̀bálẹ̀, ó rò pé eré ni. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó padà síṣẹ́ ní Wharf Road lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde. Ó pa orúkọ Ìsẹ́yìn tì. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, Làsísì Àdìsá. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ò tiẹ̀ pè é ní ìkankan nínú méjèèjì. Àjíǹde ni wọ́n ń pè é.

Ó tó ọdún kan kó tó sọ fún mi. Ìrẹsì ni mo ń ṣà lọ́wọ́. Ó ní àwọn méjì ló wà. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n kó o sí, Làsísì Ìsẹ́yìn mìíràn wà, Àpápá ni òun náà ti forúkọ sílẹ̀, Àmùkòkò ló ń gbé. Ó sanra, ó máa ń sọ ìtàn, ó ní ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan. Bí sájẹ́ǹtì bá pe Làsísì Ìsẹ́yìn, àwọn méjèèjì á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ṣètò rẹ̀ láàárín ara wọn pé bí ọ̀kan bá jẹ́ ìpè lónìí, èkejì ni yóò jẹ́ tọ̀la. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe orúkọ náà láti lọ pọnmi ní odò kan. Ọkọ mi ló kàn. Ó tẹ̀ba láti so okùn búùtù rẹ̀. Nígbà tó máa fi gbórí sókè, èkejì ti dìde, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń lọ. Ọkọ mi ò pè é padà. Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀ lápá odò. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ní kò sí nǹkan tí wọ́n lè gbé wálé. Láìpẹ́ sígbà náà ni òun alára fara gbọta, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan tí kò ti lè rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Akọ̀wé ológun wá rí Làsísì Ìsẹ́yìn kan tó kú, wọ́n wá àdírẹ́sì rẹ̀, tiwa ni wọ́n bá.

Mo bi í bóyá ìyàwó ọkùnrin náà mọ̀.

Ó ní, "Màá lọ bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ ò rí i, láti ilé wa sí Àmùkòkò, ẹni tó ń yan gàárì lórí iná lè lọ kó sì bọ̀ kó tó jóná. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di oṣù, ó di ọdún. Kì í ṣe òun nìkan. Ìbá jẹ́ pé mo sọ pé ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ, ìbá lọ. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé obìnrin náà á wo ọkọ mi láti òkè délẹ̀, á sì rí i pé ọjọ́ ayé ọkọ òun ló ń lò. Ọjà jíjìn ni mo wá ń lọ ra ẹ̀wà kí n má baà gba Àmùkòkò kọjá. Bí mo bá rí obìnrin kan tó fa ọmọbìnrin lọ́wọ́, màá wo ibòmíràn. Mo mọ ohun tó ń la kọjá ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí mo ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí n má mọ̀ bóyá mo lọ́kọ tàbí n kò ní. Síbẹ̀ mo fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀. Títí di òní, mi ò lè ṣàlàyé ara mi fún ara mi.

Nígbà tí ìjọba ológun ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan káńsẹ́lọ̀, àwọn ará àdúgbò wá bá Àjíǹde. Wọ́n ní ẹni tó ti kú rí kò ní í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nílé ìgbìmọ̀. Ó kọ̀, wọ́n ò gbà. Orúkọ ìnagijẹ yẹn ni wọ́n fi polongo rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ó sì wọlé. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ ilé bo ti ìta mọ́lẹ̀. Ó bá wọn jà títí wọ́n fi la gọ́tà àdúgbò wa, tí omi ẹ̀rọ fi dé ìta wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Bí akọ̀wé ìgbìmọ̀ bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tó dé orí Làsísì, kì í dáhùn. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn dìde. Ìgbà tí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kejì ló máa ń jẹ́. Wọ́n ní etí rẹ̀ di lójú ogun. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé etí rẹ̀ ò di.

Ohun mìíràn tó bá oyè náà wá ni àwọn obìnrin. Láti Àpápá, láti Ajégúnlẹ̀, wọ́n ń mú fọ́tò wá. Wọ́n á ní, Àjíǹde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ bá mi wo èyí, ṣé ẹ pàdé ẹ̀. Ó máa ń gba fọ́tò kọ̀ọ̀kan, á mú un lọ sójú fèrèsé, á wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà, á ní òun ò pàdé ẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì máa lọ pẹ̀lú ìrètí tí wọ́n gbé wá.

Ní ọdún kejì tó ti ń ṣe káńsẹ́lọ̀, obìnrin kan wọlé láàárọ̀ Sátidé. Ó ga, ó dúdú bí òkúta ìlọta, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó kúnlẹ̀ kí ọkọ mi, ó kí mi. Ó ní Ìyá Ìdáyá ni òun ń jẹ́, láti Àmùkòkò. Ọmọ òun ti yege, ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì ní kí ẹni tó jẹ́ èèyàn pàtàkì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọkọ mi na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dé ibì kan, tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Obìnrin náà ní, "Ibi orúkọ bàbá rẹ̀ yẹn gan-an ni mo bá wá. Wọ́n ní ká kọ ọ́ bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú. Mo ti lọ sí báráàkì títí, wọ́n ní Làsísì Ìsẹ́yìn kan kú, ọ̀kan wà láàyè, àwọn ò mọ èwo ni tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ nípa yín, káńsẹ́lọ̀. Mi ò fẹ́ wá ni. Tí mi ò bá tíì béèrè, ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò gbà kí n fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ?"

Ọkọ mi yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, ó tún yí i padà. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, á tún ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbé omi tí mo mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Mo jókòó ti obìnrin náà lórí ẹní, èjìká mi kan tirẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Ìdáyá, ó ti kú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ wá, mo rò pé tèmi ni. Mo jókòó opó rẹ̀."

Kò ké. Ó kàn ń wò mí. Ìgbà náà ni ọkọ mi tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, odò àti kẹ́ẹ̀gì àti búùtù. Ó ní, "Èmi ló kàn kí n dìde lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò dìde." Ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà, òun káńsẹ́lọ̀, nínú yàrá ara rẹ̀. Obìnrin náà ò wo ibi tó wà. Èmi ló ń wò. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Ṣé ẹ sunkún?"

"Mo sunkún títí ohùn mi fi há."

"Ẹ jókòó pé?"

"Mo jókòó pé. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá."

"Wọ́n ṣe fídáù fún un?"

"Wọ́n ṣe é. Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tún ṣe ti ogójì."

"Orúkọ wo ni áfáà dá?"

"Làsísì ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Á jẹ́ pé àdúà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Kò mọ̀wé kọ, èmi náà ò mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní kí ọkọ mi kọ ohun tó yẹ síbẹ̀. Ọkọ mi dìde, ó jókòó sídìí tábìlì, ó mú bírò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làsísì Ìsẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà, ó bu ọwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Obìnrin náà gba ìwé rẹ̀, ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀. Nígbà tó dẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí mi. Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ bá òun jókòó, ṣùgbọ́n òun náà ní láti jókòó tòun.

Áfáà Àmùkòkò sọ fún un pé kò pọn dandan mọ́, pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ó wọ dúdú, ó sì jókòó. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ jókòó tì í. Mo ń gbé oúnjẹ lọ, nígbà mìíràn ó ń jẹ ẹ́, nígbà mìíràn èmi ni mo ń jẹ ẹ́. A kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀nà Àmùkòkò tí mo ti ń sá fún láti ọdún mélòó kan wá, mo wá mọ gbogbo kòtò inú rẹ̀. Ọkọ mi máa ń dúró síwájú ilé títí màá fi dé. Nígbà tí àwọn olóṣèlú wá ní kó wá du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó ní òun ò lè wà níbi tí wọ́n á ti máa pe orúkọ òun láràárọ̀ mọ́. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ọjọ́ tí Ìyá Ìdáyá jáde, èmi ni mo bu omi fún un tó fi wẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó síta, àwọn aládùúgbò ń kí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tó ku àwa méjèèjì, ó béèrè ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ mi nínú oṣù mẹ́rin náà.

Ó ní, "Ìyá Rábì, ṣé ẹ̀rù ló ba ọkọ yín lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀."

Ó fa àwo ìrẹsì sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bu ìdajì rẹ̀ síwájú mi, a sì jẹun.